Múdù Mélòó Ló Wà Nínú Àpò Kan?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ò sí nílé nígbà tí a pín ìresì ọdún Kérésì fún àwọn opó àti àwọn ìdílé tí nǹkan le fún nínú ìjọ wa níbí ní Jikpan. Ẹ ti lọ sí ìlú yín lọ ṣọdún. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìròyìn rẹ̀ ti dé etí yín. Ohun tí ẹ gbọ́ ni pé ìresì dín, àti pé Pásítọ̀ bi ìyá kan léèrè ibi tí ìyókù wọlé sí. Òótọ́ ni mo bi í. Ṣùgbọ́n ìresì ò dín. Èmi ni mo ṣi ìṣirò ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu mi, torí pé ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nípa òdodo, mi ò rí i kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì.

Ilé ìdáná tiwa ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ní ìwé oúnjẹ kan, kílò àti gíráàmù ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí èèyàn bá fẹ́ se ìresì fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ìwé náà ní kí ó wọn gíráàmù 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kílò 10. Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ló ń ta ìresì ní kílò fún wa ní Minna? Ẹ dé ọjà Kure, múdù ni. Ẹni tó ti Ìbàdàn wá á ní kóńgò lòun mọ̀, ará Èkó á ní dẹ́rìkà, agolo tòmátì tó ti di òṣùwọ̀n. Láti 1974 ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí òṣùwọ̀n ti wà, tó ní kí a máa fi kílò àti lítà ra nǹkan, kí a sì máa fi wọ́n tà á. Àjọ NBS tó ń ka iye owó oúnjẹ káàkiri orílẹ̀-èdè, kílò kan ìresì, kílò kan ẹ̀wà ni wọ́n ń kọ sínú ìwé wọn. Ọjà ò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Abọ́ ni ọjà mọ̀.

Ìyàwó mi wá bi mí pé, "Dádì, múdù kan, kílò mélòó ni?" Ẹ̀yin tó mọ̀ mí mọ̀ pé mo fẹ́ràn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jù. Mo gbé múdù ilé wa, mo da ìresì kún un, mo fi rúlà àwọn ọmọ fá ojú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹnu abọ́, mo gbé e lé orí ìwọ̀n kékeré tó fi ń wọn fùláwà kéèkì. Nígbà tí mo yọ ìwúwo abọ́ kúrò, kílò 1 àti gíráàmù 300 ló kù. Mo kọ ọ́ sí iwájú ìwé náà pẹ̀lú bírò pupa, inú mi sì dùn sí ara mi.

Mi ò dúró síbẹ̀. Mo da ẹ̀wà sínú abọ́ yẹn kan náà, ó fún mi ní kílò 1 àti gíráàmù 250. Àgbàdo dín sí i. Gàrí ò tó kílò kan rárá, èlùbọ́ sì tún fúyẹ́ ju gàrí lọ. Abọ́ kan ṣoṣo ni o, kò sì sí èyí tí mi ò wọn kún dé ẹnu. Àṣé ẹni tó bá sọ pé múdù kan jẹ́ kílò báyìí láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọn abọ́ ìresì náà, mo gbé e lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìresì sì wọlẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀ fún ìkúnwọ́ kan sí i. Fùláwà ló burú jù nínú gbogbo wọn. Kọ́ọ̀pù kan tí a rọra fi ṣíbí bu sí lè jẹ́ gíráàmù 120. Kọ́ọ̀pù yẹn náà, tí a bá tì í bọ inú àpò tí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á kọjá 150. Ìdí rèé tí kéèkì ẹlòmíì fi ń le bí òkúta nígbà tí ti aládùúgbò rẹ̀ rọ̀, tó sì jẹ́ ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń wò. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ́ọ̀pù wọn nǹkan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Fannie Farmer tẹ ìwé oúnjẹ jáde ní Boston ní 1896, ó sì fi dandan lé e pé kọ́ọ̀pù àti ṣíbí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fi ọ̀bẹ fá lójú. Ìyá yẹn ì bá fẹ́ràn rúlà mi.

Nǹkan yìí wà nínú Bíbélì náà, a kì í kàn wò ó ni. Ẹ̀yin tó ń ka ti òyìnbó tí wọ́n ń pè ní New International Version, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé níbi tí Rúùtù ti pa ọkà báálì tó ṣà lóko Bóásì (Rúùtù 2:17). Éfà kan ni, àwọn atúmọ̀ sì kọ ọ́ pé ó tó nǹkan bíi kílò 13. Ẹ wá ṣí 1 Sámúẹ́lì 17:17, níbi tí Jésè ti di ẹrù fún Dáfídì pé kó gbé e lọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ogun. Éfà kan náà ni, ọkà yíyan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ nǹkan bíi kílò 16. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé ẹni tó tẹ ìwé náà ló ṣàṣìṣe. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Éfà kì í ṣe ìwúwo, ohun tí wọ́n ń da ọkà sí ni, gẹ́gẹ́ bí múdù.

Múdù pàápàá, inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ rẹ̀ ti wá, láti ara mudd, tí wọ́n máa ń ṣàlàyé pé ó jẹ́ ohun tó kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Kò tóbi tó múdù ọjà wa. Mẹ́rin rẹ̀ ló ń di sáà kan, sáà kan sì ni àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ń yọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé ní ìparí ààwẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé kílò mélòó ni. Ẹnì kan á ní 2 àti ààbọ̀, ẹlòmíì á ní 3, àwọn onímọ̀ wọn ò sì bá ara wọn jà sí i. Ìresì, báálì àti èso déètì ò lè wúwo bákan náà nínú abọ́ kan. Ohun tí wọ́n dì mú ni pé ti ọmọ ọwọ́ àti ti baálé, abọ́ kan náà ni.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀, mo sì ṣe ohun tí mo ṣe.

Àpò ìresì 3 ni ìjọ rà. Kílò 50 ni wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 150. Mo ṣí iwájú ìwé ìyàwó mi, mo fi kílò 1 àti gíráàmù 300 pín in, mo sì rí múdù 115. Ilé 110 ló wà nínú ìwé ìrànlọ́wọ́, múdù kọ̀ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Mo tiẹ̀ ti pinnu ẹni tí a máa fún ní 5 tó máa ṣẹ́kù.

Ìyá tó máa ń wọn nǹkan fún ìjọ yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí n tó dé Minna. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ó jókòó sórí àpótí, ó ká ìró rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ó ń wọn. Bó ṣe ń wọn ni pé á bu ìresì kún abọ́, á fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè jókòó, á wá kó òkìtì lé e lórí títí tí ìresì á fi máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò dà á sínú ọ̀rá ẹni tó kàn, á sì gbàdúrà fún un. Ó dùn ún wò. Nígbà tí ìresì tán, ilé 96 ló ti gbà. Ilé 14 ṣì dúró, ọ̀rá wà lọ́wọ́ wọn.

Mo ń wo ìwé ọwọ́ mi. Lójú gbogbo èèyàn ni mo sọ pé, "Màmá, múdù 115 ló yẹ kó wà níbẹ̀. 19 dà?"

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n rọra gbé abọ́ kalẹ̀, wọ́n fi etí ìró nu ọwọ́, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ ṣé o," wọ́n sì jáde. Ọjọ́ Ìsinmi méjì tẹ̀ lé ara wọn, ìjókòó wọn ṣófo. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni parí rẹ̀ fún mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan. Èyí rántí pé ẹ̀wà ọdún ìjẹta náà ò tó. Òmíràn rántí pé òun rí ọ̀rá dúdú kan rí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo láti inú ìwé mi ló bí gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè bí mo ṣe rí nọ́ńbà náà. Torí pé Pásítọ̀ ló sọ ọ́.

Oorun ló kọ̀ mí lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo fi lọ gbé abọ́ náà gan-an wá láti ilé ẹrù ìjọ. Ó bá múdù ilé mi dọ́gba rẹ́gí. Mo bu ìresì kún un bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń bù ú, mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kó òkìtì lé e lórí títí ó fi ń yọ̀, mo gbé e lé ìwọ̀n. Kílò 1 àti gíráàmù 550. Mo fi 96 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ kílò 148 àti gíráàmù 800. Ìyókù láti inú 150 ò tó múdù kan. Èyí tó dà sílẹ̀ tí wọ́n gbá ni, àti èyí tó há sí ìsàlẹ̀ àpò. Kò sí hóró kan tó sọnù.

Ta ló wá jẹ̀bi? Àwọn kan ti sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, pé èdè àìyedè ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ilé 14 padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ òkìtì yẹn yẹ̀ wò. Lọ́jà, kò sí ìṣòro níbẹ̀. Òkìtì orí múdù kì í ṣe ọ̀fẹ́ lọ́jà, owó rẹ̀ ti wà nínú owó tí ẹ san. Ìkúnwọ́ tí ìyá aláta-ìresì bá jù sí i lẹ́yìn náà ni èènì. Ọ̀nà ni wọ́n gbà ń wọn ọ́n, gbogbo ọjà ló sì mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ lọ́jọ́ yẹn, òkìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 250. Òkìtì 96 jẹ́ kílò 24. Ẹ fi múdù fífá wọn kílò 24 yẹn, á tó ilé 18. Ilé 14 la sì dá padà. Ibi tí oúnjẹ wọn wà rèé, lórí abọ́ àwọn tó tètè dé. Ọwọ́ tó là fún ẹni tó dúró níwájú wa lè ti pa mọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn, kí a má sì mọ̀. Nínú Ẹ́kísódù 16, Ọlọ́run ò sọ pé kí wọ́n wọn mánà ní àkúnwọ́sílẹ̀. Ómérì kan fún orí kan ni, títí tí ẹni tó kó púpọ̀ ò fi ní àṣẹ́kù, tí ẹni tó kó díẹ̀ ò sì ṣaláìní.

Mo sọ èyí fún Màmá nígbà tó yá, wọn ò sì gbà gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ojú ẹni tó wà níwájú mi ni mo rí, mi ò rí ìwé. Mi ò sì lè máa fá ojú oúnjẹ fún opó bí ẹni ń fá orí òkú." Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí títí. Mi ò rò pé wọ́n jàre tán. Ìresì náà kì í ṣe tiwọn, kì í sì í ṣe tèmi. Ẹni tó ń pín ohun àjọni, inú rere rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè kàwé. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé tí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà lórí ìlà pẹ̀lú ọ̀rá, tí ẹnì kan fi rúlà fá ìresì kúrò lójú abọ́ mi, èmi náà ò ní rántí mánà.

Tèmi ló burú jù. Diutarónómì 25:14 sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ní éfà méjì nínú ilé, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Gbogbo ìgbà tí mo bá wàásù lórí ẹsẹ yẹn, àwọn oníṣòwò ni mo máa ń wò, àwọn tó ń fi èyí tó tóbi rà tí wọ́n ń fi èyí tó kéré tà, àti àwọn tó ń lu ìdí abọ́ wọ inú. Èmi ò rà, mi ò tà. Ṣùgbọ́n mo fi abọ́ fífá ṣírò nínú yàrá mi, mo sì fi ìṣirò yẹn ṣèdájọ́ ẹni tó ń fi abọ́ olókìtì wọn níta gbangba. Òṣùwọ̀n méjì nìyẹn. Mi ò fọwọ́ kan hóró ìresì kan kí n tó fi wọ́n rẹ́ èèyàn jẹ.

Ẹ wá wo Lúùkù 6:38, tí àwa pásítọ̀ fẹ́ràn láti máa kà nígbà ọrẹ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn mọ ọjà. Ó mọ̀ pé ọkà tí a kì mọ́lẹ̀ tí a sì gbọ̀n ju èyí tí a kàn dà síbẹ̀ lọ, ó sì mọ òkìtì tó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ sínú aṣọ ẹni tó ń rà. Ohun kan náà tí mo fi rúlà àti ìwọ̀n wá kiri nínú ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 37 kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ló ti ń sọ bọ̀, kí a má dáni lẹ́jọ́, kí a má dáni lẹ́bi, kí a máa darí jì. Ibẹ̀ ló ti wá kan fífúnni àti òṣùwọ̀n. Ọdún tí mo ti ń fi ẹsẹ yẹn gba owó ti tó mẹ́tàdínlógún. Mo ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín ni.

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí a ra ìwọ̀n ńlá, kí ọ̀rọ̀ múdù kúrò nínú ìjọ pátápátá. Kò burú, ẹ jẹ́ ká rà á. Ṣùgbọ́n kí a má rò pé irin máa sọ wá di olódodo. Ìresì tí omi wà lára rẹ̀ wúwo ju èyí tó gbẹ, àgbàdo tuntun wúwo ju ti inú ọyẹ́, òkúta inú ìresì náà sì ń wúwo lórí ìwọ̀n bí ìresì. Ámósì 8:5 bá àwọn tó ń sọ éfà di kékeré wí, ó sì bá àwọn tó ń fi ìwọ̀n èké tanni jẹ wí, nínú ẹsẹ kan ṣoṣo.

Mo lọ sílé Màmá ní ọjọ́ kejì tí mo wọn abọ́ náà. Mo gbé ìwọ̀n lọ, mo gbé abọ́ lọ, mo fẹ́ fi ìṣirò náà hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n gbé ẹrù mi kalẹ̀ ná, kí n jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó jókòó. Nígbà tí mo bẹ̀bẹ̀ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ máa sọ ọ́ lójú àwọn náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kí n tó ṣí Bíbélì. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé láti ìlú lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣe kọ eléyìí sí.

Ní ti ilé 14, mo lọ sí Kure fúnra mi, mo ra múdù 14. Obìnrin tó ń ta á kó òkìtì lé ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ń yọ̀. Mi ò sọ fún un pé kó fá a lójú.

A ó tún pín ìresì ní ọdún Àjíǹde. Èmi àti Màmá ti jọ fẹnu kò: wọ́n á fá abọ́ náà lójú, wọ́n á sì fi ìkúnwọ́ kan lé e fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, níṣojú rẹ̀. Mo ti wọn ìkúnwọ́ wọn, gíráàmù 80 ni. Pẹ̀lú ìkúnwọ́ yẹn, àpò 3 á tó ilé 108. Ilé 110 ló wà nínú ìwé. Múdù 2 tó kù, ilé Pásítọ̀ ló máa gbé e wá, pẹ̀lú ìkúnwọ́ lórí rẹ̀, ìyàwó mi sì ti gbà.